Odò Tí A Ń Kọjá: Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òwò Etí Omi

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlú etí odò. N kò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀: ibi tí omi ti ń bọ́ èèyàn tàbí tó ti ń dá a dúró, etí odò nìyẹn. Ó tó.

Ẹnìkan lè ní kí ló kan Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, ìgbà tí kò sí èbúté ní ìlú méjèèjì. Ó ti pẹ́ tí èmi àti ìbéèrè yẹn ti ń bá ara wa fà á. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan gbà pé ibi tí ọkọ̀ kò bá sí, kò sí ọrọ̀ ajé odò; pé Lọ́kọ́jà àti Jẹ́bà ló ni omi, àwa ará ọ̀dàn kò ju ẹṣin àti ẹsẹ̀ lọ. Ojú ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ni wọ́n fi ń wo odò. Odò tiwa kún fún àpáta. Ẹ̀ẹ̀rùn a fà á gbẹ, òjò a mú un ya bo oko. Ta ni yóò tukọ̀ lórí rẹ̀ lọ sọ́jà? Kíkọjá rẹ̀ ni òwò.

Ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà sí ibi tí omi ti pínyà: Ọbà ń ṣàn lọ sí gúúsù, ó wọ inú Ọ̀ṣun, ó bá a dé ọ̀sà, Àsà gba Ìlọrin lọ sí àríwá, omi rẹ̀ sì dé odò Ọya. Omi apá Ọ̀yọ́ ń lọ bá Ògùn. Nígbà tí àwọn baba wa ní Ọya, Ọ̀ṣun àti Ọbà jẹ́ aya Ṣàngó, ọba Ọ̀yọ́, mo rò pé wọ́n ń fi ààlà ilẹ̀ hàn wá pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí igbá, wọ́n ṣáà mọ̀ mí mọ́ ọn. Àwọn òyìnbó tó rin ilẹ̀ wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kọ ọ́ sílẹ̀. Bí odò bá kún, wọn a gbé ẹrù lé igbá ràbàtà. Èrò a di etí kan mú, òmùwẹ̀ a di èkejì mú, a máa fi ẹsẹ̀ ti omi títí wọn ó fi gúnlẹ̀. Ẹ rántí pé ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ jẹ́ 20,000, odindi ẹrù orí alágbàárù. Owó gan-an ní láti wọ igbá! Bí omi bá le jù, èrò a sùn sétí odò. Ẹni tó sùn yóò jẹun: olókà dé, oníyán dé, ẹni tó ní àtíbàbà dé. Oníbodè náà kò ní jìnnà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí omi kò ju orúnkún lọ, òmùwẹ̀ a gba oko rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ṣé ará etí odò kọ́? Mo sọ èyí ní ìpàdé àwọn onímọ̀ kan nígbà tí irun mi ṣì dúdú. Ọ̀gbẹ́ni kan rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé igbá ni n ó fi kọ ìtàn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń tẹ fóònù níwájú níbí, ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀.)

Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, náà ńkọ́? Òkè Ọya ni ẹṣin rẹ̀ ti ń wá, àwọn Kyede, Tápà ọlọ́kọ̀, ló sì mọ ojú omi yẹn. Àgbára Aláàfin gba orí kíkọjá odò. Ní 1857, Dayspring, ọkọ̀ àwọn òyìnbó kan lórí Ọya, fọ́ mọ́ àpáta lẹ́bàá Jẹ́bà. Glover, ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà, tó wá di gómìnà Èkó, rin orí ilẹ̀ láti ibẹ̀, ó gba Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó. Odò ńlá kọ ọkọ̀, ọ̀nà tiwa gba èrò. Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dá mi lóhùn.

Alága ti ń wo aago, ẹ jẹ́ kí n sọ ní ṣókí bí ayé etí odò ṣe yí padà. Rélùwéè dé Jẹ́bà ní 1909, afárá rẹ̀ parí ní 1916. Ó gba Òṣogbo àti Ìlọrin, ó fi Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìsédò Kainji bo Bùsá àtijọ́, ìlú etí Ọya, mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ yé da ọ̀rá sínú Ọbà. Kí ẹ sì fi fóònù yẹn ṣiṣẹ́: ẹ lọ bá àwọn àgbà tó ṣẹ́kù létí Ọbà àti Ògùn, ẹ bi wọ́n ní ibi tí èrò ti ń kọjá kí afárá tó dé àti ìdílé tó ni igbá níbẹ̀, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́dún yìí.