Fífi Nǹkan Wéra: Bí A Ṣe Lè Ran Àwọn Ọmọ Wa Lọ́wọ́ Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, bá àwọn òbí sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Greenspoint, Houston.

Wọ́n ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mo fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ṣe ní Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì, èyíinì ni kíkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé. Bí mo bá ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán, ilẹ̀ yóò ṣú bá wa níbí. Nítorí náà, ẹyọ kan péré ni mo mú: bí a ṣe ń kọ́ ọmọ láti fi ohun kan wé òmíràn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó lè dà bí ohun kékeré létí yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa.

Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin wà ní kíláàsì kejì nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, ó mú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ bọ̀ láti ilé-ìwé, bírò pupa sì kún inú rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "My grandma is more old than my mummy." Ó tún kọ ọ́ pé, "Our house is big than the car." Ìṣirò kan wà ní ìsàlẹ̀ ìwé náà: ọmọ kan ní ọsàn mẹ́jọ, èkejì ní márùn-ún, "how many more" ni ti àkọ́kọ́? Ọmọ wa kọ mẹ́tàlá. Tíṣà wá fi lẹ́tà kékeré há ìwé náà, pé kí àwọn òbí rẹ̀ bá a ṣiṣẹ́ lórí ìfiwéra, kí wọ́n sì máa sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i nílé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ ṣe òfin. Ó ní kò sí Yorùbá mọ́ nínú ilé òun títí ọmọ yóò fi yege. Ọmọ mi obìnrin wò mí lójú, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fara dà á."

Mo dákẹ́. Inú ilé ọmọ ẹni ni èèyàn wà, kì í ṣe ibi ìjà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn méjèèjì wà níbi iṣẹ́, mo kó ọsàn sórí tábìlì. Mo kó mẹ́jọ síwájú ara mi, mo kó márùn-ún síwájú ọmọ. Mo bi í pé, "Ọsàn mélòó ni mo fi jù ọ́ lọ?" Ó to tirẹ̀ mọ́ tèmi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé mẹ́ta nínú tèmi kò ní ẹnìkejì. Ó ní, "Mẹ́ta ni, Màmá." Ọmọ tí ó kọ mẹ́tàlá lánàá ni o!

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ìṣirò ni kò mọ̀? Ọ̀rọ̀ náà "more" ni ó ṣì í lọ́nà. Ní tirẹ̀, "more" túmọ̀ sí pé kí á fi kún un, ó sì ro méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ "fi jù ọ́ lọ", ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí ó lé ni mo ń béèrè. Yorùbá tí wọ́n fẹ́ lé jáde kúrò nínú ilé ni ó la ìṣirò náà yé e. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ yìí: ẹ má ṣe pa Yorùbá tì nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Òun gan-an ni àkàbà tí ọmọ yóò fi gun Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí èdè méjèèjì ṣe ń ṣe é. Ní Yorùbá a ní, "Adé ga." A ní, "Adé ga ju Bọ́lá lọ." A tún ní, "Adé ni ó ga jù lọ." Ẹ kíyè sí i pé "ga" kò yí padà rárá. Inú "ju" àti "lọ" ni iṣẹ́ wà. Bí a bá fi èèyàn kan sáàárín wọn, ẹni yẹn nìkan ni Adé fi gíga jù. Bí a kò bá fi ẹnikẹ́ni sáàárín wọn, gbogbo wọn ni ó jù.

Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni Gẹ̀ẹ́sì ń yí padà: "tall, taller, tallest". Bí ó bá jẹ́ méjì ni a ń fi wéra, a óò lo "taller", "than" yóò sì tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá tó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a óò lo "tallest", "the" yóò sì ṣáájú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn bíi "beautiful", a kì í yí ìdí rẹ̀ padà, "more" tàbí "most" ni a ó fi ṣáájú rẹ̀. Àwọn alágídí kan tún wà tí kò gba òfin kankan: "good, better, best" àti "bad, worse, worst". Àwọn wọ̀nyí, kí ọmọ há wọn sórí ni.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ èyí, àṣìṣe àwọn ọmọ kò ní máa yà yín lẹ́nu mọ́. Mẹ́rin ni mo sábà máa ń rí.

Èkíní, "big than". Ọmọ náà gbàgbé ìdí ọ̀rọ̀, nítorí pé Yorùbá kì í yí i padà.

Èkejì, "more big" tàbí "more bigger". Èyí kì í ṣe ti àwọn ọmọ Yorùbá nìkan. Ọ̀pọ̀ àwọn aládùúgbò wa ní Greenspoint níbí ni ó ń sọ Sípáníìṣì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "más", ni wọ́n sì fi máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ìbáà gùn, ìbáà kúrú. Àwọn ọmọ wa ń bá àwọn ọmọ wọn ṣeré, wọ́n sì ń kọ́ ọ lára ara wọn.

Ẹ̀kẹta, "Ade taller than Bola", láìsí "is". "Ga" Yorùbá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, ó tó dá dúró. "Tall" Gẹ̀ẹ́sì kò lè dá dúró, ó ń fẹ́ kí "is" gbé òun dúró.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí àwa àgbà pàápàá ń ṣe: "too". A máa ń sọ pé "ọbẹ̀ yìí dùn jù" nígbà tí inú wa dùn sí i. Ọmọ á gbé e sínú Gẹ̀ẹ́sì, á ní, "This soup is too sweet." Tíṣà á rò pé kò fẹ́ ẹ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé "too" jẹ́ ohun tí ó ti kọjá ààlà. Omi tí ó gbóná débi pé kò ṣeé wẹ̀, òun ni "too hot".

Wàyí o, báwo ni a ó ṣe kọ́ wọn nílé? Ẹ kò nílò owó, ẹ kò sì nílò ìwé ńlá. Ohun tí ó wà ní ilé ìdáná ti tó. Ẹ gbé iṣu méjì kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn wọ́n, kí ó gbé wọn wò. Ẹ bi í ní Yorùbá pé, "Èwo ni ó wúwo ju èkejì lọ?" Nígbà tí ó bá ti dáhùn, kí ẹ wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí òun náà sì wí i tẹ̀lé yín: "This yam is heavier than that one." Lẹ́yìn náà, ẹ gbé iṣu kẹta kalẹ̀, kí ó tò wọ́n láti orí èyí tí ó fúyẹ́ jù dé orí èyí tí ó wúwo jù. Ìgbà yìí ni "the heaviest" yóò jáde. Ní ìparí, kí ó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sílẹ̀. Ẹ má fi tipátipá mú un kọ mẹ́wàá. Ká fọwọ́ kàn án, ká sọ ọ́ ní Yorùbá, ká sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ká kọ ọ́ sílẹ̀: bí ẹ bá lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, ó tó.

Ẹ má gbàgbé "tó" náà. "Bọ́lá ga tó Adé" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "Bola is as tall as Ade". "Bọ́lá kò ga tó Adé" ni "Bola is not as tall as Ade". Bàtà àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ni mo fi kọ́ tiwa ní èyí.

Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, ẹ máa bá wọn ṣe é. Bí òjò bá rọ̀, tí Greens Bayou kún, ẹ bi wọ́n bóyá omi náà ga ju ti àná lọ. Ẹ fi ilé mẹ́ta wéra fún wọn. Cocoa House ti Ìbàdàn parí ní 1965, ó ní àjà 26. Greenspoint Mall tiwa níbí ṣí ní 1976, ó sì kógbá sílé ní 2024. JPMorgan Chase Tower tí ó wà láàárín ìlú Houston parí ní 1982, ó ní àjà 75. Èwo ni "the tallest"? Èwo ni "the oldest"? Ẹ rí i pé ilé tí ó ga jù kọ́ ni ó pẹ́ jù. Ọmọ tí ó bá lè dáhùn méjèèjì ti mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wò kí á tó fi nǹkan wéra.

Àwọn kan lè máa rò ó pé ọ̀rọ̀ arúgbó nìyí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán an wò ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Odindi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ ní Yorùbá, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ètò kíkọ́ ọmọ ní èdè abínibí ní 2022, wọ́n sì tún fagi lé e ní 2025. Kí á má wulẹ̀ dúró de ìjọba kankan, ìbáà ṣe tọ̀hún, ìbáà ṣe tibí. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ má sì jẹ́ kí á fi iṣẹ́ náà falẹ̀. Láti kíláàsì ọmọ ọdún márùn-ún ni ìṣirò ti ń ní kí wọ́n fi nǹkan wéra ní Texas. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé kíláàsì kẹta, ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ yìí ń retí pé kí wọ́n mọ "taller" àti "tallest" lò nínú ohun tí wọ́n bá kọ.

Mo ní ìkìlọ̀ kan. Iṣu ni kí ẹ fi wé iṣu, bàtà ni kí ẹ fi wé bàtà. Ẹ má fi ọmọ wé ọmọ. "Àbúrò rẹ mọ̀wé jù ọ́ lọ" kì í ṣe ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọgbẹ́ ni. Ọmọ ìka kò dọ́gba, ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn sì wà.

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn mi. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, tíṣà ní kí wọ́n kọ gbólóhùn ìfiwéra kan. Gbogbo ọmọ ni ó ti ń gbọ́ ọ pé kò sí ohun tí ó tóbi bíi ti Texas. Tiwa kọ ọ́ pé, "Nigeria is bigger than Texas." Àwọn ọmọ yòókù fi í rẹ́rìn-ín. Tíṣà ṣí ìwé wò: Texas jẹ́ nǹkan bí 268,000 máìlì onígun mẹ́rin, Nàìjíríà ju 356,000 lọ. Òótọ́ ni, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì pé. Ó mú ìwé náà wálé, kò sí bírò pupa kankan níbẹ̀.

Bàbá rẹ̀ kò sọ pé òun ti fagi lé òfin òun. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, bí wọ́n ti ra iṣu dé, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé ìdáná tí ó ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé, "Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, èwo ni ó tóbi jù lọ?"

Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa o.