Bí Oníṣẹ́ Ọnà Bá Fẹ́ Wá Bá Wa Gbé

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ bá àwọn ará ibùdó sọ ní èbúté Lọ́kọ́ja

    A mọ̀ pé ẹ ní ẹrù láti tà, a kò ní fi ọ̀rọ̀ dá yín dúró pẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó mú wa pè yín jọ. Àwọn oníṣẹ́ ọnà kan, ayàwòrán àti agbẹ́gilére, ń béèrè bóyá wọ́n lè wá bá wa gbé fún oṣù díẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn fẹ́ wá wo wa kí àwọn sì máa lọ; àwọn fẹ́ jókòó láàrín wa, kí àwa àti àwọn jọ fi iṣẹ́ ọnà ṣe ohun tí yóò wúlò fún ìlú. Àwọn kan nínú yín ti dáhùn pé, "Iṣu ni a wá gbìn, a kò wá ya àwòrán." Àwọn mìíràn ní kí wọ́n tètè máa bọ̀. Àwa ìgbìmọ̀ yín ti jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Èrò wa ni pé kí a gbà wọ́n, ṣùgbọ́n kí a bá wọn dá májẹ̀mú kí wọ́n tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ohun tí ojú wa ti rí

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹ rántí àwọn tí wọ́n wá bá wa ní ọdún kan pẹ̀lú ẹ̀rọ àwòrán. Wọ́n ya àwọn ìyá wa níbi tí wọ́n ti ń bó gbágùúdá. Wọ́n gba orin wọn sílẹ̀. Wọ́n ṣe ìlérí pé gbogbo rẹ̀ ni àwọn yóò mú padà wá kí a lè rí i. Títí di òní, a kò rí ẹyọ kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ni ó lọ sí ìgboro tí ó rí ojú ìyá rẹ̀ lára kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń tà. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí ọ̀rọ̀ ti kọjá. Ṣùgbọ́n a kò gbàgbé.

Àwa náà kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mú ètò láti òkèèrè wá bá ní ìpàdé odò méjì yìí. Ní ọdún 1841, àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ mẹ́ta gba orí Odò Ọya wá. Samuel Àjàyí Crowther wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá Ígálà, wọ́n sì dá oko àpẹẹrẹ sílẹ̀ níhìn-ín, pé òwú àti ohun ọ̀gbìn ni yóò rọ́pò òwò ẹrú. Ète náà dára. Ṣùgbọ́n ibà pa púpọ̀ nínú wọn, àwọn tí ó kù sá lọ, nígbà tí ó fi máa di ìdajì ọdún 1842, wọ́n ti pa oko náà tì. Ibà ni ó lé wọn, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ohun kan tún wà níbẹ̀: oko tí ará àdúgbò kò kà sí tirẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò ro ó nígbà tí ẹni tí ó dá a bá lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ọnà. Bí àlejò bá ṣe é tán tí ó lọ, ta ni yóò máa bá a lọ?

Bí ó ti rí ní Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí irú nǹkan yìí ti yọrí sí rere. Ní ọdún 1962, ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀ ṣí ilé rẹ̀ ní Òṣogbo, nínú ọgbà Dúró Ládípọ̀ tí gbogbo yín mọ̀ nítorí eré Ọba Kò So. Ọ̀rọ̀ Ígbò ni Mbárí. Etí Òṣogbo ni ó fi Mbáyọ̀ kún un, bí ẹni pé a wí pé, "Bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀." Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1964, Georgina Beier pe àwọn ọ̀dọ́ jọ níbẹ̀, ó fún wọn ní ọ̀dà àti ohun tí wọn yóò yàwòrán sí, kò sì pàṣẹ fún wọn pé báyìí ni kí ẹ yà á.

Ta ni àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo náà? Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣèré nínú ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀. Táíwò Ọláníyì, tí ayé ń pè ní Twins Seven-Seven, oníjó ni. Jimoh Buraimoh ni ó ń bójú tó iná fún eré wọn; òun ni ó wá ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán. Aṣírù Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ ni. Irin pẹlẹbẹ ni ó ń lù títí ó fi di àwòrán ènìyàn, igi àti ẹranko. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni. Sìmẹ́ǹtì tí ó fi ń mọ ilé náà ni ó fi ń mọ ère. Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ẹni tí ó ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nù nínú wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ náà gan-an ni ó di ọnà.

Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria, dé Nàìjíríà ní ọdún 1950. Àwọn ará ìlú fún un ní orúkọ, wọ́n ń pè é ní Àdùnní Olórìṣà. Kò wá fún oṣù mẹ́ta. Òṣogbo ni ó gbé títí ó fi kú ní oṣù kìíní ọdún 2009. Òun àti Àkànjí àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn ni wọ́n tún ojúbọ tí ó wà nínú igbó Ọ̀ṣun ṣe, tí wọ́n sì dá àwọn tí ó fẹ́ gé igbó náà dúró. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kọ igbó náà sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé. Musulumi wà nínú wa, Onígbàgbọ́ wà, oníṣẹ̀ṣe náà wà. A kò mú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wá síhìn-ín. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé igbó tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75 ṣì wà lórí ìdúró, nítorí pé ọwọ́ àlejò àti ọwọ́ onílé jọ wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò ní sọ apá kan kí a fi apá kejì pamọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ra iṣẹ́ Òṣogbo jẹ́ ará òkèèrè, òkèèrè náà ni wọ́n sì kó iṣẹ́ náà lọ. Orúkọ àwọn kan dé gbogbo ayé. Àwọn mìíràn ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wọn, kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ògìdì kò jìnnà

Bí ẹnikẹ́ni bá ní Òṣogbo jìnnà, Ògìdì ní Ìjùmú ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Kogí wa yìí ni ó wà. Níbẹ̀ ni wọ́n bí Nike Okúndáyé ní ọdún 1951. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí òun wà ní kékeré. Lọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà ilé wọn ni ó ti kọ́ aṣọ híhun àti aró rírẹ. Ó lọ sí Òṣogbo, ó di aládìrẹ tí ayé mọ̀, ó sì dá ilé ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1983, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ṣẹ́ láìsan owó, tí àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè sì ń wá jókòó kọ́ adìrẹ lọ́dọ̀ wọn. Kò pin síbẹ̀. Ó padà sí Ògìdì, ó dá ibi ìhunṣọ sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ìlú rẹ̀. Ohun tí ó mú kúrò nílé ni ó mú padà wá sílé, ó sì ti gbó sí i.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ni a ń sọ èyí fún. Púpọ̀ nínú yín mọ òfì hun, ẹ mọ aró rẹ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti ṣí wá síhìn-ín, òfì wà nínú àjà. Àlejò tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe, ẹ̀yin ni yóò jókòó tì láti kọ́ṣẹ́. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni yóò máa kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó tún ku ibì kan. Ní Agbarha-Otor, ní ìpínlẹ̀ Delta, Bruce Onobrakpeya bẹ̀rẹ̀ àpéjọ iṣẹ́ ọnà kan ní ọdún 1998. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ń wá gbé ní abúlé náà, wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó mọ̀ ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, orúkọ ọyẹ́ ni ó sì ń jẹ́. Àgbẹ̀ tí ó bá gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé ìgbà náà dára, nítorí iṣu ti wọlé nígbà náà, ọwọ́ sì dilẹ̀ díẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ fún wọn

Nísinsìnyí, ẹ̀yin tí ẹ ní iṣu ni ẹ wá gbìn, ọ̀rọ̀ yín kan wa lára. Ẹ jẹ́ kí a bi yín: iṣu ta ni omi kó lọ ní ọdún 2022?

Ní ọdún 2012, odò kún, ó bo ilé, ó bo ọjà, ó bo títì tí ó lọ sí Àbújá. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní 2022, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò ni, omi tí wọ́n sì ń tú sílẹ̀ níbi tí wọ́n sé odò Bẹ́núé sí ní Lagdo, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ń bá a pàdé. Àwọn tí ó wà níhìn-ín ní 2012 mọ ibi tí omi dé. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ nínú wa kò mọ̀. A rí ilẹ̀ tí ó dúdú tí ó lọ́ràá ní etí odò, a kọ́ àká síbẹ̀, inú wa ń dùn. Apẹja àgbà kan, ará Nupe, wá kìlọ̀ fún wa, ó ń na ọwọ́ sí ara igi láti fi bí omi ti ga tó hàn wá. Àwa kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ilé mẹ́ta péré ni ó gbọ́ Nupe nínú wa. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n gbé iṣu wọn sí ibi gíga.

Ibi tí àwòrán ti wúlò nìyí. Nupe wà níhìn-ín, Ígálà wà, Ẹ̀bìrà wà, Ọ̀wọ́rọ̀ wà, Bassa wà, Hausa wà, àwa náà sì dé. Ìwé tí a bá kọ ní èdè kan kò lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n bí a bá kun ilà pupa yí ara ògiri ká, tí a ya omi sí abẹ́ rẹ̀, tí a ya ìyá tí ó ru iṣu tí ó ń gun òkè sí òkè rẹ̀, ta ni kò ní mọ ohun tí ó wí? Kí ilà kan wà fún 2012, kí òmíràn wà fún 2022, ní ibi tí omi dé gan-an. Kí àwọn apẹja àgbà ni wọn yóò fi ibẹ̀ han ayàwòrán. Kí àwọn ọmọ wa ni wọn yóò di búrọ́ọ̀ṣì mú. Kí orin rẹ̀ wà ní èdè gbogbo wa, kí àwọn ọmọ máa kọ ọ́ lọ sí ilé ìwé. A kò jẹ àwòrán, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwòrán lè mú kí iṣu tí a óò jẹ kù.

Májẹ̀mú tí a fẹ́ bá wọn dá

Èkínní, kí wọ́n wá ní ìgbà ọyẹ́, lẹ́yìn ìkórè. Ẹni tí ó bá wá ní ìgbà ebè kíkọ, ọkọ́ ni a óò fún un.

Èkejì, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn mú ọmọ wa, ọkùnrin àti obìnrin, gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Bí wọ́n bá ń lọ, kí wọ́n fi irinṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ tí a bá jọ ṣe fún ibùdó, níhìn-ín ni yóò wà. Bí wọ́n bá fẹ́ ta àwòrán wa tàbí ìtàn wa níbòmíràn, kí a ti sọ iye tí yóò kàn wá ṣáájú, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a sì kà á sókè ní èdè tí gbogbo ará gbọ́.

Ẹ̀kẹrin, gbogbo ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan iṣẹ́ náà, kí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìyá tí ó po aró àti ọmọ tí ó pọn omi náà ní orúkọ.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má gbàgbé pé àlejò ni àwa náà. Àlejò kì í mú àlejò wọ ilé onílé láìgba àṣẹ. A óò kọ́kọ́ lọ kí àwọn onílẹ̀ àti àwọn aládùúgbò wa, kí a sọ fún wọn, kí a sì gbọ́ tẹnu wọn, kí ọ̀dà tó kan ògiri kan. Omi kò yan ẹnìkan. Àwòrán náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ti Yorùbá nìkan.

Ní ti oúnjẹ àti ilé, a óò fún wọn ní yàrá, a óò fún wọn ní iṣu. Kí àwọn náà máa bá wa lọ sí oko ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń dun àgbẹ̀, kò lè ya àgbẹ̀ kí ó jọ ọ́.

Ẹ̀yin ará, a ti sọ tiwa. Ẹ lọ sílé, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà lọ aya àti ọkọ yín, ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè. Bí a bá tún pàdé, kí olúkúlùkù sọ ọkàn rẹ̀ jáde, ìyá gẹ́gẹ́ bí bàbá. Ohun tí ẹ bá fi ẹnu kò lé lórí ni àwa yóò jẹ́ fún wọn.