Ẹni Tó Wà Lódìkejì Ọtìn: Ìdí Tó Fi Yẹ Kí Àwọn Ọmọ Wa Máa Yàwòrán Ìtàn

 

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ wa láti Ìkìrun, Inísà àti Òkukù, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bá wá. Ẹ jẹ́ kí ìtàn inú àwòrán, èyí tí à ń pè ní kọ́míìkì, wọ kíláàsì wa, kí àwọn ọmọ sì máa yà á fúnra wọn. Ọmọ tó bá ń ya irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ojú, ní ibi tí yóò dúró sí, àti ní ọ̀rọ̀ tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde. Kò lè ṣe é kó má kúrò ní àyè tirẹ̀.

Jean Piaget, onímọ̀ ará Switzerland, gbé àwòṣe òkè mẹ́ta síwájú àwọn ọmọdé, ó gbé ọmọlangidi sí òdìkejì, ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí ọmọlangidi náà ń rí. Ohun tí ojú tiwọn ń rí ni àwọn tó kéré nínú wọn tọ́ka sí. Òun àti Bärbel Inhelder gbé e sínú ìwé ní 1948. Nígbà tó yá, onímọ̀ mìíràn, Martin Hughes, fi ìtàn kún ìdánwò náà: ọmọ kan ń sá fún ọlọ́pàá, níbo ni ká fi í pamọ́ sí tí ọlọ́pàá kò fi ní rí i? Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló mọ̀ ọ́n. Ọmọdé lóye, bí a bá ti fún un ní ẹni tí ń sá àti ẹni tí ń lé.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1878, Balógun Àjàyí Ògbórí-ẹfọ̀n kó ogun Ìbàdàn wá gba Ìkìrun sílẹ̀ lọ́wọ́ ogun Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlọrin. Nígbà tí ogun Ìlọrin ń sá lọ, odò Ọtìn dínà mọ́ wọn, ó sì gbé ọ̀pọ̀ lọ. Ogun Jálumi nìyẹn. Àwọn ará Òkukù sì di ẹni tó sá wá forí pamọ́ sí Ìkìrun.

Ẹ fún ọmọ Ìkìrun kan ní ìwé tí a pín sí àpótí àwòrán mẹ́rin. Yóò ya ìlù, yóò ya ẹṣin Balógun, yóò sì ya ọ̀tá láti ẹ̀yìn, níbi tó ti ń sá lọ. Kí olùkọ́ wá ní: “Ó dára. Yà á padà láti etí odò.” Pẹ́ńsù á dúró. Ọmọ Ìlọrin tí a ti ń rí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan gbọ́dọ̀ kọjú sí wa báyìí. Ṣé ó mọ̀ ọ́n wẹ̀? Orúkọ ta ni yóò pè? Kí ọmọ Òkukù náà ya ìyá kan tó gbẹ́rù karí lẹ́nu odi Ìkìrun, tó ń wo ojú onílé bóyá inú rẹ̀ dùn sí òun. Kí ọmọ Inísà ya onílé náà, tó ń wo ìkòkò tó sì ń ka iye ẹnu tó dé bá a.

Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ gbà pé gbogbo wọn ló jàre. Àmọ́ agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí kò gbọ́ tẹnu ìkejì kò tíì lè dá ẹjọ́.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní nǹkan bí 1967 ni ìwé ìròyìn Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ ẹnu sọ eré àwọn òṣèré wa lójú ewé. Kì í sì í ṣe ayàwòrán nìkan ló lè ṣe é: Leif Packalén ará Finland àti Sharad Sharma ará Íńdíà kọ́ àwọn tí kì í ṣe ayàwòrán bí wọn yóò ṣe fi àpótí mẹ́rin sọ ìtàn ara wọn, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, ìwé, pẹ́ńsù àti rúlà ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ méjì bá jà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ya ìjà náà láti ojú ẹnìkejì, kó sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ má fi máàkì sí ẹwà àwòrán. Ẹ bi ẹni tí wọ́n yà bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ nípa òun. Tó bá ní “bẹ́ẹ̀ ni”, ọmọ tó yà á ti yege.