Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Tó Ń Kúrò ní Yàrá Àyẹ̀wò

Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gboyè nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́kitiróníìkì ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, kọ́ nínú yàrá àyẹ̀wò kì í ṣe àsọtúnsọ ohun tí wọ́n kọ́ ní kíláàsì, nítorí pé ìṣirò lè pé pérépéré lórí ìwé kí iná má sì tàn lórí tábìlì.

Iṣẹ́ tó kéré jù lọ níbẹ̀ ni títan gílóòbù LED. Bí páwà bá jẹ́ fóòtì 5, tí LED pupa sì ń lo bíi fóòtì 2, a gbọ́dọ̀ fi rẹsísítọ̀, ìyẹn ohun kékeré tí ń dín ìṣàn iná kù, gba fóòtì 3 tó ṣẹ́kù. Oní-330 óòmù ni wọ́n sábà máa ń mú; ìlà ara rẹ̀ tó ń sọ iye yìí jẹ́ aláwọ̀ ọsàn méjì, ẹ̀kẹta búráùn. Ẹni tó bá ṣi ìlà kẹta wò, tó mú èyí tí tirẹ̀ pupa, ti mú oní-3,300, iná á wá rí bàìbàì. Mítà ló ń tú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ fó, kì í ṣe ìwé. Bákan náà ni kàpásítọ̀, tí ń tọ́jú iná pa mọ́ sínú ara rẹ̀, ṣe lè mú kí iná gbé ẹni tó ti pa páwà, tó rò pé ewu ti tán.

Kì í ṣe inú yàrá nìkan ni wọ́n ti ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀: yunifásítì yìí, pẹ̀lú Makerere ní Ùgáńdà àti Dar es Salaam ní Tanzania, bá MIT ti Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ lórí iLab, ètò tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa darí ohun èlò gidi láti ọ̀nà jíjìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ńlá ni, pàápàá níbi tí osilosikóòpù, ẹ̀rọ tí ń ya ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ iná sójú gíláàsì, kò ti kárí. Síbẹ̀, bí lẹ́ẹ̀dì tí a yọ́ láti fi so wáyà pọ̀, tó sì mú dáadáa, ṣe ń dán, tí èyí tí kò mú sì ń ṣú, ojú àti ọwọ́ tó wà nítòsí nìkan ló lè kọ́ ọ, ìdí sì nìyí tí yàrá náà kò fi gbọdọ̀ ṣófo.

Àwọn olùkọ́ ń fi ìdùnnú yọ̀ǹda àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gboyè yìí, wọ́n sì ń bẹ̀ wọ́n pé, ẹni tó bá rí osilosikóòpù tí wọn kò lò mọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, tó sì ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ó tọrọ rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí Ifẹ̀.