Ọ̀pá Èéfín Ọkọ̀ Akẹ́rù: Ká Ṣírò Ká Tó Náwó

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ akẹ́rù tó ti gbó, ẹ̀yin tí ẹ ń wà á, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí ẹ dáwó jọ ra ọ̀kan láti máa fi kó àgbàdo láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́.

Bí ọ̀pá èéfín bá lu, ẹ má sáré fọwọ́ sápò. Ẹ kọ́kọ́ béèrè nǹkan mẹ́ta.

Èkínní: ibo ló ti lu? Láti ara ẹ́ńjìnnì, èéfín ń gba inú ọ̀pá lọ sínú àgbá tó ń pa ariwo, kó tó jáde. Bí ó bá lu lẹ́yìn àgbá yìí, ọkọ̀ lè parí ìrìn ọjọ́ náà. Bí ó bá lu nítòsí ẹ́ńjìnnì tàbí lábẹ́ ibi tí awakọ̀ jókòó, kò sí ìṣírò níbẹ̀: ẹ dá ọkọ̀ dúró. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín, a kò lè rí i, kò sì ní òórùn. Orí fífọ́, òòyì àti oorun ni àmì rẹ̀. Ẹni tó bá sùn lọ nínú rẹ̀ lè má jí mọ́. Ní ọdún 2012, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín gásóìlì ń fa jẹjẹrẹ.

Èkejì: kí ló fà á? Bí rọ́bà tó gbé ọ̀pá rọ̀ bá ti já, ọ̀pá á máa jì títí á fi ya. Ẹni tó jórin láì pààrọ̀ rọ́bà sọ owó rẹ̀ nù. Ẹ wo àwọ̀ èéfín pẹ̀lú. Bí ó bá rí bí aró, ẹ́ńjìnnì ń jó òróró ara rẹ̀ ni. Ọ̀pá titun kò lè wo ìyẹn sàn.

Ẹ̀kẹta: oṣù mélòó ni àtúnṣe náà yóò lò? Ẹ mú kálámù. Ká ní ajórin gba 6 000 sẹ́fà, ọkọ̀ sì pàdánù èrè ọjọ́ kan, 10 000. Àpapọ̀ jẹ́ 16 000. Bí ó bá ń lu ní oṣù 2 2, ìgbà 6 ni lọ́dún: 96 000. Ká ní ọ̀pá titun àti owó iṣẹ́ jẹ́ 80 000, pẹ̀lú èrè ọjọ́ kan, 90 000. Bí ó bá lo ọdún 3, 30 000 ni lọ́dún. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: owó kékeré ló ń jẹ owó ńlá.

Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà kò bá ní ju oṣù 6 lọ mọ́, jíjórin ìgbà 3 jẹ́ 48 000. Ìyẹn ló sàn nígbà náà. Àpẹẹrẹ ni iye wọ̀nyí. Ẹ fi tiyín rọ́pò wọn.

Kí ajórin tó bẹ̀rẹ̀, kí ó tú okùn bátìrì, kí ó sì rí i pé iná kò dé ibi epo.

Ẹ kọ gbogbo ìnáwó ọkọ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, kó ka èyí sétí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n.