Afẹ́fẹ́ Ló Ń Gbé Ẹrù

Ọ̀rọ̀ táyà ni mo bá wá lónìí. Kì í ṣe táyà kẹ̀kẹ́ tàbí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bí kò ṣe ti pélódà, ẹ̀rọ ńlá nì tí ó máa ń fi garawa irin iwájú rẹ̀ bu yẹ̀pẹ̀ àti òkúta sínú ọkọ̀ típà. Ẹni tí ó bá ti kọjá níbi tí wọ́n ti ń la títì, tàbí níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́bàá Abẹ́òkúta, yóò ti rí i. Ilé-iṣẹ́ Frank G. Hough ní Amẹ́ríkà ni ó fi orúkọ náà pe ẹ̀rọ tirẹ̀. Nígbà tí ó yá, a wá ń fi pe gbogbo irú rẹ̀.

Kí ni ẹ rò pé ó ń gbé pélódà àti òkúta inú garawa rẹ̀ dúró? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé rọ́bà táyà ni, nítorí pé ó nípọn, ó sì le. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà ni, kí ló dé tí táyà fi ń tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tí ó bá jò? Àpò lásán ni rọ́bà. Afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ inú rẹ̀ ni ó ń gbé ẹrù. Ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, Robert William Thomson, ti gba àṣẹ lórí irú táyà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1845, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn gbàgbé rẹ̀. Ní ọdún 1888 ni John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko ní ìlú Belfast, tún gba àṣẹ lórí rẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti ṣe é sí kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Géèjì ni ohun èlò tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Bí géèjì bá ka 50, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ibikíbi tí ó fẹ̀ tó íǹṣì kan níbùú àti íǹṣì kan lóròó nínú táyà náà, afẹ́fẹ́ ń fi agbára 50 pọ́n-ùn tì í. Ibi tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó sì ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ 144. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ fi 50 sọ 144 di púpọ̀. Ẹ ó rí 7,200 pọ́n-ùn, èyí tí ó tó ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì 65 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 kìlógíráàmù. Agbára yìí wà lórí ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni táyà pélódà tí wọ́n kọ 23.5-25 sí lára ga ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ. Ohun tí ó ní irú agbára bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àfọwọ́yẹpẹrẹmú.

Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó ńkọ́? Ẹ mú wáyà tín-ín-rín kan, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lójú kan náà. Láìpẹ́, ojú ibẹ̀ yóò gbóná. Bí ẹ kò bá sì dáwọ́ dúró, yóò kán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni táyà tí ó rọ̀. Bí ó ti ń yí ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀, tí ó ń nà. Ooru á mú un láti inú, okùn tàbí irin tí wọ́n hun sínú rọ́bà á sì máa ṣí kúrò lára rọ́bà. Ojú kò ní í rí i láti ìta títí di ọjọ́ tí táyà náà yóò bẹ́. Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀. Pélódà tí ó gbé garawa tí ó kún sókè dà bí ẹni tí ó ru ìkòkò omi. Bí táyà ẹ̀gbẹ́ kan bá rọ̀, ẹ̀rọ á fì sí ẹ̀gbẹ́ náà, bí ó bá sì wà lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó lè ṣubú tòun ti awakọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé, “Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fẹ́ ẹ kún bámúbámú.” Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù kì í lè gba òkúta mọ́ra, òkúta ẹlẹ́nu mímú á tètè là á. Kì í di ilẹ̀ mú dáadáa, ara awakọ̀ kì í sì í sinmi lórí rẹ̀. Iye tí ó tọ́ wà nínú ìwé tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ àti táyà kọ. Ẹ rántí pé ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lè má jẹ́ bákan náà, nítorí nígbà tí garawa bá kún, iwájú ni ìwúwo ń wọ́ lọ.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí táyà ṣì tutù, ni kí a fi géèjì wọ̀n ọ́n. Àwọn awakọ̀ kan a máa fi ẹsẹ̀ ta táyà, wọn a ní, “Ó le.” Rọ́bà tí ó nípọn tó báyìí le fún ẹsẹ̀ àti ìgbátí bákan náà, ìbáà kún, ìbáà ṣàìkún. Bí a bá sì wọ̀n ọ́n ní ọ̀sán, iye rẹ̀ yóò ti gòkè, nítorí pé ooru ń mú afẹ́fẹ́ wú. Kí a má ṣe tú u dànù. Bí táyà tí ó jẹ́ 50 ní òwúrọ̀ bá di 58 ní ọ̀sán, tí a sì tú mẹ́jọ jáde, nígbà tí ó bá tutù, a ó bá a ní nǹkan bí 42, àìtó sì dé nìyẹn.

Ibi tí ẹ̀mí ti ń lọ jù ni ibi fífẹ́ ẹ. Ọmọ iṣẹ́ ni ọ̀gá sábà máa ń rán: “Lọ fẹ́ táyà yẹn fún mi.” Ọmọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sí ojú òrùka irin tí ó di táyà mọ́ àgbá. Bí táyà bá ti ṣiṣẹ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dín sí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iye tí ó yẹ, bí àpẹẹrẹ 40 dípò 50, òrùka náà lè ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, rọ́bà sì lè ti bàjẹ́ nínú. Bí a bá kàn fẹ́ ẹ, òrùka lè fò yọ kí ó sì pa ènìyàn. Irú táyà bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà kọ́kọ́ tú gbogbo afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ń fẹ́ táyà, kí ó lo okùn afẹ́fẹ́ gígùn tí ó lè dá di ẹnu táyà mú, kí ó dúró lókèèrè ní apá ibi tí táyà fi ń tẹ ilẹ̀, kí ó má ṣe dúró kọjú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láéláé. Kí a má fi òòlù lu òrùka nígbà tí afẹ́fẹ́ wà nínú.

Ẹ̀yin wẹ́dà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ẹ má ṣe jó irin àgbá nígbà tí táyà ṣì wà lára rẹ̀, kódà bí ẹ bá ti tú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ooru iná ń mú kí rọ́bà tú èéfín tí ó lè gbiná nínú táyà, ó sì lè bẹ́ bí àdó olóró.

Àwọn baba wa ní, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń gbà láti wọn táyà mẹ́rin ní òwúrọ̀ kí a sì kọ iye wọn sínú ìwé. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ní géèjì tí ó péye, kí ẹ sì kọ́ wọn ní ibi tí wọn yóò dúró, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n.