Ègé Ẹran Inú Ìgò

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ní alẹ́ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ jìn. Ó dá lórí ègé ẹran tí kò tóbi ju èso ẹ̀wà lọ, èyí tí dókítà eyín gé láti ẹnu aláìsàn, àti ìgò tí wọ́n fi í sí. Nígbà tí aráàlú bá gbọ́ pé wọ́n ti gé ẹran fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ, wọn a rò pé iṣẹ́ ti parí, pé èsì nìkan ni ó kù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láàárín àga dókítà àti tábìlì yàrá àyẹ̀wò, ọ̀nà kan wà tí ẹran náà gbọ́dọ̀ rìn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èsì ti ń bàjẹ́.

Kí ni ó tilẹ̀ ń mú kí a gé ẹran lẹ́nu ènìyàn? Egbò ẹnu kì í ṣe ohun àjèjì. Èyí tí eyín fà, èyí tí ẹ̀kọ gbígbóná fà, kì í pẹ́ san. Ṣùgbọ́n bí egbò bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò jiná, tí etí rẹ̀ le, tàbí bí àbàwọ́n funfun tàbí pupa bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n tàbí abẹ́ rẹ̀, ó ti kọjá èyí tí a ń fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu sí. Ìṣirò àgbáyé fi hàn pé ní ọdún 2020, ó lé ní 377,000 ènìyàn tí jẹjẹrẹ ètè tàbí ti inú ẹnu ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn lára wọn. Àwọn tí ó pa ní ọdún kan náà lé ní 177,000. Ojú lásán kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára egbò mìíràn. Máíkírósíkóòpù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ni adájọ́ rẹ̀.

Ohun tí adájọ́ yìí ń wò kò ṣòro láti ṣàlàyé. Awọ inú ẹnu dà bí ilé alájà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tò léra wọn lórí, àlà tín-ín-rín kan sì wà lábẹ́ wọn tí ó yà wọ́n kúrò lára ẹran ìsàlẹ̀. Nínú irú jẹjẹrẹ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ní ẹnu, àwọn sẹ́ẹ̀lì òkè yóò ti fọ́ àlà yìí kọjá, wọn yóò sì ti wọ inú ẹran lọ. Bí wọ́n bá ti kọjá, jẹjẹrẹ ni. Bí ìrísí wọn bá ti yí padà ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì kọjá, àyè ṣì wà láti dènà rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́ àlà yẹn. Ìdí nìyí tí dókítà tí ó mọṣẹ́ kì í fi í gé àárín egbò, nítorí ẹran tí ó ti kú ni ó pọ̀ níbẹ̀. Etí rẹ̀ ni ó ń gé, pẹ̀lú díẹ̀ lára ibi tí ara ṣì dá, á sì jẹ́ kí ó jìn tó. Kì í fi ẹ̀mú fún un pa, nítorí sẹ́ẹ̀lì tí a bá tẹ̀ rẹ́ kò tún ní ojú tí ẹnikẹ́ni lè fi dá a mọ̀.

Ní kété tí ẹran bá kúrò lára, ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn oje tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó wà láàyè yóò wá kọjú sí i, wọn yóò máa jẹ ẹ́ láti inú. Kòkòrò àìfojúrí tí ó bá ẹran jáde láti ẹnu yóò sì bá wọn lọ́wọ́ sí i. Gbogbo ẹni tí ó ti ra ẹran lọ́jà rí, tí kò sì tètè gbé e ka iná, mọ èyí. Bí ooru bá mú, ìbàjẹ́ a yá kánkán. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, awọ òkè yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára ẹran ìsàlẹ̀, àlà tí a ń wá yóò sì pòórá.

Fọ́málíìnì ni ohun tí ń dá ìbàjẹ́ yìí dúró. Ní ọdún 1893, dókítà ará Jámánì kan, Ferdinand Blum, ń dán oògùn náà wò ní ìlú Frankfurt láti mọ bí ó ṣe ń pa kòkòrò àrùn. Ó ṣàkíyèsí pé awọ ìka ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ń le. Ẹlòmíràn ìbá fọwọ́, kí ó sì gbàgbé. Blum ní tirẹ̀ rò ó pé ohun tí ó lè mú awọ alààyè le yóò lè mú ẹran tí a gé dúró láìbàjẹ́. Ohun tí fọ́málíìnì ń ṣe jọ ohun tí iná ń ṣe fún funfun ẹyin: ó ń so àwọn prótíìnì mọ́ra wọn, kí olúkúlùkù dúró sí ibi tí ó wà, láìsí iná rárá.

Ṣùgbọ́n ó ní ìlànà tirẹ̀. Èyí tí ó ti ilé iṣẹ́ wá lágbára jù. Ìdá 1 rẹ̀ ni a ń pò mọ́ ìdá 9 omi, a sì ń fi iyọ̀ fọ́sífétì sí i kí ó má baà kan. Èyí tí ó bá kan, bí ó bá pàdé ẹ̀jẹ̀, a máa fi àmì dúdú wẹ́wẹ́ sí ara ẹran, tí yóò máa da ojú rú lábẹ́ awò. Ó gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 10 ẹran náà ó kéré tán, ìlọ́po 20 sì sàn jù. Kì í sáré wọlé: bíi mìlímítà 1 ni ó ń rìn nínú ẹran ní wákàtí kan, nítorí náà ègé tí ó nípọn lè ti jẹrà ní àárín kí oògùn tó dé ibẹ̀. Ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀ ni ó yẹ ẹ́. Ó ń pa ni lẹ́rìn-ín, ó sì ń ba ni nínú jẹ́, bí àwọn kan ṣe máa ń ti ẹran rírọ̀ bọ ìgò oògùn ẹlẹ́nu tóóró. Ó wọlé láìjanpata. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá le tán, kò ní jáde mọ́ àfi bí wọ́n bá fọ́ ìgò tàbí kí wọ́n fà á ya. Ìgò omi mímu náà kò bójú mu, nítorí fọ́málíìnì jọ omi lójú, májèlé sì ni. Àjọ tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé tilẹ̀ ṣe ìpinnu ní ọdún 2004 pé èròjà inú rẹ̀ lè fa jẹjẹrẹ fún ẹni tí ń fà á símú. Ohun tí a fi ń mú olè náà kò ṣàìní ẹ̀gún.

Níbi tí fọ́málíìnì bá ti tán, onírúurú ọgbọ́n ni wọ́n ń dá. Omi ẹ̀rọ a mú sẹ́ẹ̀lì wú, a sì bẹ́ ẹ. Omi iyọ̀ tí a fi ń ṣe dírípù kò dá ìbàjẹ́ kankan dúró. Sípírítì a fa omi inú ẹran gbẹ, a sì sọ ọ́ di kíkákò. Bí wọ́n bá gbé e sínú fíríjì níbi tí omi ti ń dì, yìnyín yóò ya sẹ́ẹ̀lì náà láti inú. Ẹ wá fi ojú inú wo ìyá kan tí ó ti abúlé wọkọ̀ wá, tí wọ́n gé ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n fi ẹran náà sínú omi dírípù di ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé dé: ẹran náà kò ṣe é yẹ̀ wò, kí wọ́n tún un gé. Ta ni yóò tún san owó ọkọ̀? Ṣé egbò náà ti dúró dè é ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn?

Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ẹran ẹnu ni fọ́málíìnì yẹ, ìtàn kan láti Kampala sì jẹ́rìí sí i. Denis Burkitt, dókítà ará Ireland tí ń ṣiṣẹ́ abẹ ní Uganda, kọ ìròyìn ní ọdún 1958 nípa kókó burúkú kan tí ń wú ní eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé. Àìsàn yìí kò ṣàjèjì ní Ìbàdàn náà. Anthony Epstein ní Lọ́ńdọ̀nù rò pé fáírọ́ọ̀sì ni ó wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì ń fi bàálù kó ẹran kókó náà ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan. Ní oṣù December 1963, kùrukùru bo Lọ́ńdọ̀nù, bàálù sì yà sí Manchester. Nígbà tí ẹran ọmọ náà dé, omi inú ìgò ti dàrú, ó jọ pé ó ti bàjẹ́. Epstein kò dà á nù. Ó kán díẹ̀ sábẹ́ awò, ó sì rí i pé kì í ṣe kòkòrò ni ó da omi náà rú. Sẹ́ẹ̀lì kókó náà ni ó ti já ara rẹ̀ gbà, tí ó ń léfòó láàyè. Láti inú wọn ni òun, Bert Achong àti Yvonne Barr ti rí fáírọ́ọ̀sì náà ní ọdún 1964. Bí ó bá jẹ́ fọ́málíìnì ni ó wà nínú ìgò yẹn, gbogbo wọn ìbá ti kú kí wọ́n tó gbéra. Nítorí náà, ìbéèrè tí a fẹ́ bi ẹran ni ó ń sọ omi tí a ó fi í sí, a sì gbọ́dọ̀ mọ ìbéèrè náà kí abẹ tó kan ara.

Fún jẹjẹrẹ tí ó wọ́pọ̀, fọ́málíìnì ni. Lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò yá: wọ́n á fi ọtí líle fa omi inú ẹran jáde, wọ́n á fi ìda gbígbóná dípò rẹ̀, wọ́n á sì rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí ìdá kan nínú 200 mìlímítà. Aró tí wọ́n fi ń pa á láró wá láti inú igi kan ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Aláró Abẹ́òkúta mọ̀ pé aṣọ tí kò bá mọ́ kì í gba aró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran tí ó ti bàjẹ́.

Ẹran tí a tọ́jú dáadáa a máa pẹ́ nínú ìda. Ní ọdún 1997, Jeffery Taubenberger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí àjákù fáírọ́ọ̀sì lùkúlùkú ọdún 1918 nínú ẹran ẹ̀dọ̀fóró sójà kan tí wọ́n ti fi fọ́málíìnì àti ìda tọ́jú láti ọdún náà. Ṣùgbọ́n kí ó tó pẹ́, a gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó ni ín. Orúkọ aláìsàn, ibi tí a ti gé e, ọjọ́ àti wákàtí, ara ìgò ni a ń kọ wọ́n sí, kì í ṣe ìdérí, nítorí ní yàrá àyẹ̀wò gbogbo ìdérí ni wọ́n ń ṣí. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n sì fi ń kọ èyí tí yóò bá ẹran wọ inú ọtí, nítorí ọtí a máa fọ yíǹkì dànù.